Adájọ́ Inú Ìwé àti Alága Ìdánwò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Alága ṣe tóbi tó, ẹ má wo ikùn rẹ̀, ẹ má sì wo bàtà rẹ̀. Ẹ lọ ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà kò gbà á. Ọ̀rọ̀ méjì tó kẹ́yìn ti ṣí lọ sára ògiri. Akunlé tó kọ ọ́ ní kí wọ́n má bínú, pé bí wọ́n bá fún òun ní ilẹ̀kùn tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun á tún un kọ.

Alága Àgbà fún Àjọ Ìdánwò Lítíréṣọ̀, Olùdarí Ìtumọ̀ Ìwé, Alábòójútó Gbogbo Ẹ̀dá Inú Ìtàn. Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. "Inú Ìtàn" ló bọ́ sára ògiri.

Iṣẹ́ tí Àjọ náà ń ṣe kò le. Lọ́dọọdún, wọ́n á mú ìwé àtijọ́ kan, irú èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́ ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn kò tíì yé kà. Àwọn ọmọ ilé ìwé girama á kà á. Wọ́n á wá jókòó ṣe ìdánwò lórí rẹ̀: irú ènìyàn wo ni lágbájá inú ìwé yìí? Irú ìlú wo ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀? Àwọn olùmáàkì á máàkì, èsì á jáde, ọ̀rọ̀ á parí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í parí lọ́dọ̀ Alága. Ọ̀rọ̀-ò-tán ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Níwájú rẹ̀, "Alága wa, orí wa, ìmọ́lẹ̀ wa" ni. Bó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé, ìtàn atẹ́gùn ni yóò kọ́kọ́ sọ, láti ìgbà tí atẹ́gùn ti dáyé. Kó tó débi fèrèsé, ooru á ti lọ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń bá a kọ̀wé ni Akọ̀wé. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló kù nílé. Ọmọ náà wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní girama, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì fẹ́ ṣe. Kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Òfin kan wà tí Alága fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: ìwé kankan tó bá ju ojú ewé kan lọ kò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì òun.

"Ènìyàn ńlá," ló wí níbi ìpàdé tó fi wákàtí mẹ́ta ṣàlàyé òfin náà, "ènìyàn ńlá kò ní àkókò fún ọ̀rọ̀ gígùn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tó ti sùn lọ jí, ó pàtẹ́wọ́, ó tún sùn.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń mú òfin náà ṣẹ. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn Alága ni tábìlì rẹ̀ wà. Bí ìwé bá dé tó jẹ́ ojú ewé méjì, á tú píìnì rẹ̀, á mú ti òkè wọlé, á sì ju èyí tó kù sínú dúrọ́ọ̀. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

"Èmi ò mọ̀wé," ni yóò wí. "Oókan àti eéjì ni mo mọ̀."

Nígbà tí wọ́n yan ìwé ọdún tí à ń sọ yìí, Alága ní kí Akọ̀wé kà á, kó sì sọ ọ́ ní ṣókí fún òun. Ìwé ńlá ni, ó lé ní irinwó ojú ewé. Akọ̀wé kò wá a kiri. Ẹ̀dà kan wà nílé. Ti ìyàwó rẹ̀ ni, ó sì ti fi pẹ́ńsùlù fa ilà sábẹ́ gbogbo ibi tó pa á lẹ́rìn-ín. Ilà náà pọ̀. Akọ̀wé ń kà á díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ibi tí ilà wà, á dúró díẹ̀ kó tó máa lọ.

Ìtàn inú ìwé náà kò lọ́jú pọ̀. Adájọ́ kan wà ní ìlú kékeré kan. Ó fẹ́ràn ìyìn bí ológbò ṣe fẹ́ràn ibi tó móoru. Bó bá ń bọ̀, agogo á dún. Fìlà rẹ̀ ga débi pé wọ́n gé òkè ẹnu ọ̀nà kóòtù kí fìlà lè rọ́nà wọlé. Bó bá ti yọjú, gbogbo ìlú á dìde, wọ́n á pariwo pé, "Oòrùn wa, má wọ̀!" Ní ìdajì ìwé, wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n gbé e sí gbàgede.

Ẹni tó bá pa ìwé náà dé síbẹ̀ á ní akọni ni Adájọ́. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé náà ń fẹ̀rín pamọ́ sẹ́nu ni. Ní ìdajì kejì, gbogbo rẹ̀ tú palẹ̀. Àwọn ará ìlú ti mọ ẹni tí Adájọ́ jẹ́ látọjọ́ yìí. Bí wọ́n bá pariwo "Oòrùn wa" tán, wọ́n á yíjú sẹ́yìn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìparí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ó gbọ́ ọ láìpẹ́, láti ẹnu ẹni tí kò yẹ kó kà á.

Akọ̀wé sọ ọ́ ní ṣókí, ó gba ojú ewé méjì. Ìdajì kìíní wà lójú ewé kìíní, ìdajì kejì wà lójú ewé kejì. Ó fi píìnì so wọ́n pọ̀, ó gbé wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí méjèèjì wọlé lónìí. Èyí tó kẹ́yìn ló ni ìtumọ̀."

"Kí ló dé tí o ò fi èyí tó kẹ́yìn ṣáájú?"

"Ìtàn kì í rìn bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Òfin náà kì í rìn bẹ́ẹ̀, ọmọ mi." Ó tú píìnì.

Alága ka ojú ewé kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí kò ṣe rí. Lẹ́yìn náà ló pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi, ẹ̀yin tí orí yín sunwọ̀n tí ẹ fi bá ìgbà mi pàdé! Mo ti rí ọkùnrin kan! Ọgọ́rùn-ún ọdún ni ìwé yìí ti wà nílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti tú u síwá, wọ́n ti tú u sẹ́yìn. Kò sí èyí tó rí ohun tí èmi rí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún! Adájọ́ yìí, akọni ni! Olódodo ni! Àwòkọ́ṣe ni! Bí mo ṣe ń kà á, ó dà bí ìgbà tí mo gbé dígí dání!"

Ikọ́ gbé Akọ̀wé níbi tó dúró sí lẹ́yìn.

"Kí ló ṣe ọ́, Akọ̀wé?"

"Eruku ni, sà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo mọ̀ pé ẹ ti ń ní ẹ̀yin ì bá sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo lẹ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn níwájú ọ̀gá yín?

Kí oṣù tó parí, agogo ti dé. Wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Bí Alága bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àṣọ́lé á lù ú. Fìlà náà dé. Káfíńtà wá láti gé òkè ẹnu ọ̀nà. Ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó wọn fìlà, ó wá béèrè bóyá kò ní rọrùn kí òun gé fìlà. Wọ́n lé e jáde, wọ́n pe òmíràn. Láràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á dìde, wọ́n á ní:

"Oòrùn wa, má wọ̀!"

Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan, tí òrùlé ń jò sórí tábìlì wọn, wọ́n wí i bẹ́ẹ̀. Alága gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Mi ò ní wọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi." Omi kán sí i lórí fìlà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Akọ̀wé sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ nílé.

Wọ́n wá ṣe ìwé ìlànà fún àwọn olùmáàkì. Ìwé àṣírí ni. Akọ̀wé ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bí Alága ṣe ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu: "Irú ènìyàn wo ni Adájọ́? Ìdáhùn: akọni, olódodo, àwòkọ́ṣe. Ìdáhùn mìíràn yòówù kó jẹ́: òdo fún gbogbo ìdánwò náà."

"Sà," ni Akọ̀wé wí, "bí ọmọ kan bá ka ìwé náà tán ńkọ́?"

"Bó bá kà á tán, á rí i pé òótọ́ ni mo sọ!"

Ìka Akọ̀wé dúró lórí ẹ̀rọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn olùmáàkì tẹ̀lé ìlànà. Gbogbo wọn ló ti ka ìwé náà nígbà èwe wọn, wọ́n sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà ni ìlànà. Èsì jáde. Lọ́dún náà, àwọn ọmọ tó ka ìwé dé òpin gba òdo. Àwọn tó kà á dé ìdajì yege. Àwọn tí kò ṣí i rárá, tí wọ́n kàn kọ ìyìn fún Adájọ́ nítorí pé adájọ́ ni, wọ́n pè wọ́n jáde, wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Akọ̀wé ń gé àlùbọ́sà ní ilé ìdáná nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà gbé ìwé kan sórí tábìlì. Kò kí i.

"Òdo, Bàbá."

"Òdo báwo?"

"Òdo roboto. Ẹ wò ó."

Akọ̀wé wò ó. "Kí lo kọ?"

"Ohun tó wà nínú ìwé. Ìwé Màmá ni mo kà. Mo ní agbéraga ni Adájọ́, pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, pé òǹkọ̀wé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo fi àpẹẹrẹ méje gbè é lẹ́sẹ̀. Bàbá, ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Rárá."

"Ta ló wá ní kí wọ́n fún mi ní òdo?"

Akọ̀wé gé àlùbọ́sà tó ti gé tán. Ó dára pé àlùbọ́sà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣomi.

"Alága ni," ló wí. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Ọmọ náà jókòó. Àwọn méjèèjì mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kì í gba ẹni tó bá gba òdo nínú lítíréṣọ̀, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n dẹ́kun gbígba orúkọ.

"Màá pe ẹjọ́," ni ọmọ náà wí. "Ó wà nínú òfin Àjọ yín pé ẹni tí èsì rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè pè é, kí wọ́n gbọ́ ọ ní gbangba."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ má sọ fún mi pé kí n má pè é."

"Ojú ewé mélòó lo fẹ́ kọ?"

"Mẹ́ta."

"Kọ ọ́ sí ẹyọ kan," ni Akọ̀wé wí. Ìyẹn ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe fún ẹnikẹ́ni lọ́dún náà.

Nítorí pé ojú ewé kan ni, ẹjọ́ náà wọlé sọ́dọ̀ Alága láìfara pa. Ẹ má rò pé inú bí i. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n bùn ní ọkọ̀.

"Akọ̀wé! Àǹfààní rèé! Ọmọdé kan kò mọ akọni yàtọ̀ sí agbéraga. Kì í ṣe ọmọ kan péré ni màá kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ayé ni màá kọ́! Ẹ pe Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́! Ẹ pe àwọn oníròyìn! Ẹ pe àwọn olùkọ́ ilé ìwé gbogbo!"

"Sà, ọmọ tó pe ẹjọ́ yìí, ọmọ mi ni."

"Mo bá ọ kẹ́dùn."

"Sà, ìwé yẹn, ìdajì rẹ̀ kejì..."

"Ìdajì kejì!" Alága dìde. Fìlà kan iná àjà. "Ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tó dùn, ṣé dandan ni kó lá ìkòkò? Ẹni tó rí orí erin, ṣé á tún máa wá ìrù rẹ̀ kó tó mọ̀ pé erin ni?" Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn erin. Ó gba ìdajì wákàtí. Akọ̀wé dúró. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí Alága ń mu omi, ṣùgbọ́n omi náà kò pọ̀.

"Gbọ́ mi," ni Alága wí nígbẹ̀yìn. "Lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi ni màá ka ìwé náà sókè. Lọ bá mi wá ibi tó fi ẹni tí Adájọ́ jẹ́ hàn jù lọ. Fi bébà sí i. Mi ò ní wò ó ṣáájú o. Ohùn bíi tèmi kì í ṣe ìdánrawò."

Akọ̀wé lọ sílé, ó gbé ìwé ìyàwó rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Ó ya bébà kékeré kan. Bó bá fi í sí ibi tí wọ́n ti ń gbé ère kalẹ̀, Alága á kà á, wọ́n á pàtẹ́wọ́, òdo ọmọ rẹ̀ á di òdo títí ayé. Bó bá fi í sí ìparí, ogún ọdún iṣẹ́ ló fi lé bébà kékeré yẹn lórí.

Ó ṣí orí tó kẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ kò fa ilà kankan síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ sí etí ojú ewé, ní ibi tí Adájọ́ ti tẹ́: "Èèyà." Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Á fi ènìyàn ṣe ẹ̀rín láti ọjà dé ilé, bó bá débi ẹkún, á bá a sun ún.

Ibi tó fi ẹni tí Adájọ́ jẹ́ hàn jù lọ. Ìbéèrè tí Alága bi í nìyẹn. Ìbéèrè ìdánwò gidi ni, ìdáhùn kan ló sì ní. Akọ̀wé fi bébà síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, ó gbé ìwé náà fún Alága. "Ìparí ìwé ni mo mú, sà. Gbogbo etí kọ́ ló máa dùn mọ́ o."

"Mo mọ̀," ni Alága wí. "Kì í ṣe gbogbo etí ló tọ́ sí."

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mínísítà jókòó níwájú, obìnrin kúkurú kan tó lo awò ojú. Ó ti jẹ́ olùkọ́ rí, ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn fún Alága. Ó wà lójú ewé kejì nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì Mínísítà.

Agogo dún. Ilẹ̀kùn ṣí. Fìlà ló kọ́kọ́ wọlé, Alága tẹ̀lé e. Gbogbo òṣìṣẹ́ dìde.

"Oòrùn wa, má wọ̀!"

Mínísítà bú sẹ́rìn-ín. Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú ọpọlọ o! Ẹ fi ìwé náà ṣe eré! Fìlà yìí nìkan, ó tó wò!"

Alága tẹríba fún un. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó gun orí pèpéle, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lórí bí ìwé ńláńlá ṣe máa ń wá àwọn ènìyàn ńláńlá kiri. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá mi dúró. Èmi náà kò sì ní dúró títí màá fi dé òpin. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún yín!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ṣí ibi tí bébà wà. Ó gbé ohùn.

"'Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, agogo dún, Adájọ́ sì jáde.'" Ó wo àwọn ènìyàn, ó mi orí. "'Fìlà rẹ̀ ga. Ohun kan ṣoṣo tó ga lára rẹ̀ nìyẹn.'"

Ó dúró. Ó wo ojú ewé náà bí ẹni tí òkúta bá nínú ìrẹsì.

"Ẹ máa kà á lọ, Alága," ni Mínísítà wí. "Ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́."

"'Ó wọ inú kóòtù. Gbogbo ìlú dìde, wọ́n ní, Oòrùn wa, má wọ̀. Látọjọ́ yìí wá, ó rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà fún òun. Wọn kò gbàdúrà. Wọ́n ń fi í pa ara wọn lẹ́rìn-ín ni.'"

Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ìgbà náà ni Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà pariwo láti ẹ̀yìn:

"Háà! Ojú ewé kejì rèé!"

Ẹ̀rín sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníròyìn, ó kan àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń pa á mọ́ra láti ọjọ́ tí agogo ti dé. Alága ń kà á lọ. Ohùn rẹ̀ ń kéré sí i.

"'Àlejò kan dìde, ó ní, Adájọ́, ẹsẹ òfin wo lẹ fi dá ẹjọ́ yìí? Adájọ́ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Àlejò náà tún un bi. Adájọ́ ṣí ìwé òfin fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ewé rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn, bí ó ṣe rí nígbà tó ti ibi ìtẹ̀wé dé.'"

"Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀, Alága," ni Mínísítà wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti wo fìlà náà dáadáa, ó sì ti rí i pé kì í ṣe aṣọ eré.

"'Adájọ́ bọ́ fìlà,'" ni Alága kà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n má gbọ́ ọ. "'Ó rí i pé òun kò ga.'"

Ìwé parí. Alága kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí.

"Ẹ ṣeun," ni Mínísítà wí. "Ó ku ẹjọ́ ọmọ yìí. Ó ní agbéraga tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni Adájọ́. Ẹ fún un ní òdo. Alága, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán. Irú ènìyàn wo ni Adájọ́?"

Gbogbo ènìyàn dúró de ìtàn. Àwọn mìíràn tún ìjókòó ṣe, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò pẹ́. Akọ̀wé wo ọmọ rẹ̀ tó dúró níwájú, ó wo Alága. Ó yà á lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kọ sí etí ìwé náà ló wà lẹ́nu òun.

Alága ní, "Mi ò mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á nìyí."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ láti ìgbà tó ti di Alága, òun ló kúrú jù, òun nìkan ló sì jẹ́ òótọ́ délẹ̀. Ọkùnrin kan fẹ́ pàtẹ́wọ́, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ẹnìkejì rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mínísítà kò lé Alága lọ. Ó ní kó lọ sílé, kó jókòó ṣe ìdánwò ọdún tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé. Bó bá yege, kó padà wá. Wọ́n rí i lọ́sẹ̀ kejì ní ilé ìkàwé ìlú láìdé fìlà, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà ọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ẹni tó jókòó tì í ní ó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ òun, ó sì dúpẹ́.

Ní ọ́fíìsì, gbogbo ènìyàn ní àwọn ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló burú.

Wọ́n tún gbogbo ìwé ìdánwò máàkì. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ dẹ́kun gbígba orúkọ nígbà tí ọmọ Akọ̀wé gbé tirẹ̀ wálé. Mẹ́rìnlá nínú ogún. Mẹ́wàá ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń béèrè. Akọ̀wé dì mọ́ ọn, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi awò sójú, ó ka ohun tí olùmáàkì kọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì pupa.

"Ó mọ Adájọ́ délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì dá lórí àwọn ará ìlú. Kò fọwọ́ kàn án. Ó pàdánù máàkì mẹ́fà."

"Ìbéèrè kejì," ni Akọ̀wé wí. "Kí ló dé? O mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé àkókò ló tán ni?"

"Àkókò wà." Ọmọ náà ń to ìwé rẹ̀ sínú àpò. Kò wo bàbá rẹ̀. "Ó ní ká ṣàlàyé àwọn ará ìlú, àwọn tó mọ òtítọ́ tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Mo kọ gbólóhùn kan. Ni mo bá rí i pé ẹ̀yin ni mo ń kọ."

Akọ̀wé jókòó.

"O sì pa á rẹ́."

"Mo pa á rẹ́."

"Kí ni gbólóhùn náà?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. A ti yege."

"Sọ ọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Ọmọ náà gbé àpò sílẹ̀. "Mo ní wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ní wọ́n ní ọmọ nílé ni."

Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún un nù.

"Máàkì mẹ́fà nìyẹn," ló wí. "O ò bá ti jẹ́ kó wà níbẹ̀."